Ọwọ́ Òsì Nídìí Ìlù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú ewé àwọn ará ilé ní ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ ọwọ́ òsì, àti ohun tí ojú wa rí nípa rẹ̀ nídìí ìlù. Gbogbo wa ni a mọ ipò tí àwọn bàbá wa fi ọwọ́ yìí sí. A kì í fi í kí àgbà, a kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni, a kì í fi í júwe ilé bàbá ẹni. Bí ọmọdé bá sì nà án sí oúnjẹ, ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò gbá a padà. A kò sọ pé àṣà náà burú. Àwọn àgbà ní ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ ìmọ́tótó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọwọ́ náà, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ìwà ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n kí ni kí á ṣe sí ọmọ tí Ọlọ́run dá, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni agbára rẹ̀ wà? Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan wà nínú ilé wa. Obìnrin ni, ó sì pé ọmọ ọdún 11.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó kọ́kọ́ lọ, olùkọ́ a máa fi rúlà gbá a ní ìka nígbàkúùgbà tí ó bá fi òsì mú pẹ́ńsù. Ní ilé, Màmá tí ó bí wa lọ́mọ, tí wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún, sọ ní gbangba pé kí a jẹ́ kí àwọn so ọwọ́ náà mọ́ ọmọ náà lára nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀. Wọ́n ní, “Bí ó bá dé ilé ọkọ, tí ó fi òsì gbé omi fún bàbá ọkọ rẹ̀, èmi ni wọn yóò bú, wọn kò ní bú ẹ̀yin alákọ̀wé.” A kò gbà kí wọ́n so ó. Síbẹ̀ ọmọ náà ti gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ náà pamọ́. Bí a bá béèrè ìbéèrè ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, yóò jókòó lé e, kì yóò nà án sókè bí ó tilẹ̀ mọ ìdáhùn. Nítorí náà, nígbà tí ó ní òun fẹ́ kọ́ ìlù, tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí yóò kọ́ ọ sì bi wá pé, “Bàbá, ṣé kí n kọ́kọ́ yí ọwọ́ rẹ̀ padà sí ọ̀tún kí á tó bẹ̀rẹ̀?” ìbéèrè náà ju ti ìlù lọ létí wa. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní àyè díẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà jókòó kọ́ ọ pẹ̀lú ọmọ, kí a má ba à dá ẹjọ́ lórí ohun tí a kò mọ̀. Báyìí ni ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ti ìwé àti gègé, ṣe di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìlù.

Ilé wa wà ní Festac Town, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Ọ̀dọ̀fin, níbi tí ìlù kì í ṣe àlejò. Àjọ̀dún ni ó fún ìlú náà ní orúkọ: àjọ̀dún àgbáyé kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, tí a ṣe ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 15 oṣù January títí di ọjọ́ 12 oṣù February, ọdún 1977. Ìjọba kọ́ àwọn ilé wọ̀nyí kí àwọn onílù, oníjó àti eléré tí ó wá láti òkè òkun lè rí ibi sùn; nígbà tí wọ́n lọ tán, a fi ìbò pín ilé náà fún àwọn ará ìlú. Lónìí ilé ìjọsìn pọ̀ ní àdúgbò wa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi lè rìn láti 1st Avenue dé 23 Road ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí ẹ má gbọ́ ìlù òyìnbó ní apá ọ̀tún àti apá òsì yín. Àwọn bàbá ìjọ wa àtijọ́, tí dùrù tọ́ dàgbà, kò fẹ́ kí ìlù wọ inú ilé Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ìjà náà jà lónìí ti pẹ́ dé.

Ìlù òyìnbó tí a ń wí yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ìlù ńlá kan wà nílẹ̀ tí a ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lù. Ìlù pẹlẹbẹ kan tí a ta okùn irin sí lábẹ́, tí a ń pè ní snare, wà láàárín itan méjèèjì. Àwo idẹ méjì tí ń pàdé ara wọn, tí a ń pè ní hi-hat, wà ní apá òsì, ẹsẹ̀ òsì ni ó ń ṣí wọn tí ó sì ń pa wọ́n dé. Àwọn ìlù mìíràn àti àwo ńlá wà yí ká. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò jókòó sí àárín gbogbo wọn, tí yóò sì fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, olùkọ́ wa kò jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan ìlù rárá. Ó gé rọ́bà táyà ògbólógbòó, ó kàn án mọ́ orí àpótí ìjókòó, ó ní ibẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Èyí bá ilé wa mu, nítorí àwọn ará ilé ń bẹ ní ìsàlẹ̀ wa àti ní òkè wa, wọn kò sì bá wa dá májẹ̀mú ariwo. Mímú ọ̀pá ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni ó di ọ̀pá mú, ní ìwọ̀n ìdá mẹ́ta rẹ̀ láti ìdí. Àwọn ìka mẹ́ta tí ó kù kàn yí i ká ni. Ó ní kí a mú un bí ẹni mú òròmọdìẹ: a kò gbọdọ̀ fún un pa, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó bọ́. Bí ọ̀pá bá kan rọ́bà, òun tìkára rẹ̀ fẹ́ fò padà sókè, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni láti jẹ́ kí ó fò. Àwa tí a ti fi gbogbo ayé wa di gègé mú pinpin kò tètè gba èyí gbọ́. Àárín àtàǹpàkò wa lé ròrò kí ó tó yé wa pé agbára kọ́ ni ìlù ń béèrè.

Ọ̀nà méjì ni àwọn onílù òyìnbó fi ń mú ọ̀pá. Ní ọ̀nà kìn-ín-ní, ọwọ́ méjèèjì rí bákan náà, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì da ojú kọ ilẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, tí ó jẹ́ ti àtijọ́, ọ̀tún rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òsì da ojú kọ òkè, ọ̀pá sì jókòó sí ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, ó gba àárín àwọn ìka kọjá. Lọ́dọ̀ àwọn ológun ni èyí ti wá. Onílù wọn a máa fi okùn gbé ìlù kọ́ ọrùn, ìlù náà a sì fì sí ẹ̀gbẹ́ itan, ojú rẹ̀ a dagun, etí rẹ̀ ní apá òsì a ga ju ti ọ̀tún lọ. Bí òsì kò bá yí padà, kò lè dé ojú ìlù. Okùn ọrùn ni ó sọ ọwọ́ òsì di ẹni ọ̀tọ̀, kò sí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀. Nígbà tí onílù sì jókòó sórí àga, tí ìlù sì tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣì ń mú un bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. A rò ó lọ, a rò ó bọ̀, a sì rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ àṣà mélòó kan nínú ìjọ tí okùn rẹ̀ ti já láti ọjọ́ pípẹ́.

Lẹ́yìn mímú ọ̀pá ni a bẹ̀rẹ̀ A B D ìlù. Àwọn òyìnbó pè é ní rudiments. Ní ọdún 1933 ni ẹgbẹ́ onílù kan ní Amẹ́ríkà kó 13 jọ pé ìwọ̀nyí ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣaláì mọ̀. Wọ́n di 26 lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1984 ni ẹgbẹ́ Percussive Arts Society sọ wọ́n di 40. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye náà dẹ́rù bà yín. Ọ̀kan-ọ̀kan àti méjì-méjì ni ó bí gbogbo wọn. Ọ̀kan-ọ̀kan ni ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Méjì-méjì ni ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì, òsì lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá lú wọn pọ̀, a rí èyí tí wọ́n ń pè ní paradiddle: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ọ̀tún; òsì, ọ̀tún, òsì, òsì. Ẹ pe orúkọ náà ní ẹnu, ẹ ó rí i pé gígé mẹ́rin ni ó ní, bí ó ti jẹ́ pé ìlù mẹ́rin ni. Ohun tí ó wù wá jù nínú rẹ̀ ni pé kò jẹ́ kí ọwọ́ kan máa ṣe olórí títí. Bí ọ̀tún bá ṣáájú lẹ́ẹ̀kan, méjì tí ó lù ní ìgbẹ̀yìn yóò sọ ọ́ di dandan kí òsì ṣáájú lẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni George Lawrence Stone ti ìlú Boston ṣe nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1935, èyí tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Stick Control: ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tún, ẹ̀kọ́ kejì sì ni ẹ̀kọ́ kan náà tí a bẹ̀rẹ̀ ní òsì.

Olùkọ́ mú wa jókòó kojú ara wa, àwa àti ọmọ, a sì ń lù ú tẹ̀lé aago ara ògiri, tí ń dún ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan. Òsì tiwa ń tiro bí ẹni tí ó wọ bàtà gíga kan àti bàtà pẹlẹbẹ kan. Ọ̀tún tirẹ̀ ń tiro bákan náà. Nítorí pé a kojú ara wa, ọwọ́ líle rẹ̀ dojú kọ ọwọ́ líle wa, aláìlágbára sì dojú kọ aláìlágbára, bí ẹni ń wo dígí. Ọmọ náà wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì wí pé, “Bàbá mi, ẹ̀yin náà ní èyí tí kò gbọ́ràn.” Láti ọjọ́ náà ni kò ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bí ó bá wà lọ́dọ̀ wa, ní ìta, ọ̀rọ̀ náà ṣì kù.

Ẹ̀kọ́ yìí mú wa rántí ìlù tiwa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wo ọwọ́ àwọn aláyàn níbi ìnáwó. Ẹ wo onídùndún dáadáa. Ọ̀tún ni ó mú kọ̀ǹgọ́ tí ó fi ń lù, òsì sì wà lára àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ó ń fún wọn, ó ń dẹ̀ wọ́n. Bí òsì bá kúrò níbẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ni ẹ ó máa gbọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín, tí a fi ń mọ̀ pé oríkì ẹni ni ìlù ń kì, inú ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń jáde. Oníbàtá náà kò fi ọwọ́ kan sílẹ̀ láìṣiṣẹ́: ọ̀kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú ńlá, èkejì ń fi bílálà awọ na ojú kékeré. A sọ èyí fún Màmá, pé ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ so ni ọwọ́ tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì dáhùn pé, “Aláyàn nìyẹn. Ṣé ilé aláyàn ni a bí yín sí?”

Ẹnìkan tún wà tí a kò lè ṣaláì dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kan náà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Festac kọjá ni ó lọ sí Àgbádárìgì, ní agbègbè ibi tí a ti bí i. Babatunde Olatunji ni, ọmọ Ajido, tí a bí ní ọdún 1927, tí ó lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé ní ọdún 1950, tí ó sì kú ní ọdún 2003. Nígbà tí ó ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní ìlù àfọwọ́lù, ẹnu ni ó kọ́kọ́ fi kọ́ wọn: gun àti dun fún ohùn ìsàlẹ̀ ní àárín awọ, go àti do fún ohùn tí ó wà ní etí awọ, pa àti ta fún ìgbátí. Gun, go àti pa jẹ́ ti ọ̀tún. Dun, do àti ta jẹ́ ti òsì. Gbogbo ohùn tí ọ̀tún ní ni òsì ní, tòun ti orúkọ tirẹ̀. A mú ọgbọ́n yìí lò nínú ilé wa, ọmọ sì kọ́kọ́ mọ paradiddle ní ẹnu, ní orí ìkòkò, kí ó tó mọ̀ ọ́n ní ọwọ́.

Nígbà tí ó tó àkókò láti jókòó sídìí ìlù gan-an ni ìbéèrè olùkọ́ padà wá. Wọ́n to ìlù ìjọ fún ẹni tí ń lo ọ̀tún: ọ̀tún rẹ̀ ni yóò ré orí òsì kọjá lọ lu hi-hat. Bí a bá yí gbogbo rẹ̀ padà fún ọmọ náà, a ó gbé ìlù, irin àti àwo káàkiri kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, onílù tí ó bá tẹ̀lé e yóò sì tún gbogbo rẹ̀ gbé. Àwọn onílù mìíràn kò ní fẹ́ ẹ, wọ́n sì jàre. Bí a bá yí ọmọ padà fún ìlù, a mọ ohun tí yóò rò pé a ń wí. Ìgbà náà ni a sọ fún olùkọ́ pé, bí ọ̀nà kẹta bá wà, a fẹ́ ẹ, bí ó bá tilẹ̀ pẹ́.

Ó wà. Hi-hat ti wà ní apá òsì tẹ́lẹ̀. Kí ọmọ fi òsì rẹ̀ lù ú ní tààrà, kí ọ̀tún máa lu snare, kí ọwọ́ méjèèjì má ṣe ré ara wọn kọjá mọ́. Billy Cobham, àgbà onílù jazz, a máa lù báyìí, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní aláìmọ̀kan. Olùkọ́ tún sọ ti Ringo Starr fún wa, onílù ẹgbẹ́ Beatles láti ọdún 1962, tí a bí ní ìlú Liverpool ní ọdún 1940. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ìyá àgbà rẹ̀ ni ó sì fi ipá yí i padà sí ọ̀tún nínú ìwé kíkọ. Ó jókòó sídìí ìlù tí a tò fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n òsì ni ó máa ń kọ́kọ́ sún bí ó bá fẹ́ yí ìlù po, ìdí nìyẹn tí yíyípo rẹ̀ fi ṣòro fún ẹlòmíràn láti sín jẹ. Bí ìyá àgbà ilẹ̀ òyìnbó ṣe rí nìyẹn. A sọ fún Màmá. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín pé wọ́n ní ẹlẹgbẹ́ ní Liverpool.

Nítorí pé olùkọ́ni ní ìjọ ni wá, àwọn kan bi wá bóyá Ìwé Mímọ́ fi àyè gba irú èyí. Kí wọ́n ṣí Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 20, ẹsẹ 16, níbi tí 700 àṣàyàn ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì ti ń fi kànnàkànnà sọ òkúta láìtàsé; kí wọ́n sì ka ti Éhúdù ní orí 3 ìwé kan náà. Ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì ni gbogbo wọn, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ ọ̀tún! Ní Kíróníkà Kìn-ín-ní orí 12, ẹsẹ 2, àwọn ará wọn kan tún wà tí ń lo ọwọ́ méjèèjì. Ẹ̀wẹ̀, kí àwọn tí ń gbàdúrà lórí ọmọ wọn nítorí èyí rántí pé òsì yàtọ̀ sí òṣì. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà kan ni ó wà láàárín wọn lórí ìwé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọkàn wa.

Ẹsẹ̀ ni ó wá fún wa ní ìyọnu jùlọ. Ní àtijọ́, ẹnìkan ni ń lu ìlù ńlá, ẹlòmíràn a máa lu kékeré. Irin ìtẹ̀ ni ó jẹ́ kí ẹnìkan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, irú èyí tí William Ludwig àti àbúrò rẹ̀ Theobald ṣe jáde ní Chicago ní ọdún 1909 ni ó sì tàn kálẹ̀. Ìrọ̀rùn ni fún àpò ẹni tí ń san owó onílù, ìṣòro ni fún onílù. Ẹsẹ̀ wa a máa tẹ̀lé ọwọ́ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀: bí ọ̀tún bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún a tẹ̀. Olùkọ́ ní kí a má ṣe ronú pé ènìyàn mẹ́rin ni a ń darí. Kí a ka iye láti ení dé ẹẹ́jọ, kí a sì mọ ẹni tí ó ń bọ́ sílẹ̀ ní orí iye kọ̀ọ̀kan: ní ení, hi-hat àti ẹsẹ̀, ní èjì, hi-hat nìkan, ní ẹ̀ta, hi-hat àti snare, ní ẹ̀rin, hi-hat nìkan, bẹ́ẹ̀ náà láti àrún dé ẹẹ́jọ. Kí a lù ú lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí oorun fi lè gbé wa, títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ọkàn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ṣe é lábẹ́ tábìlì ní ibi iṣẹ́. A ṣe é lórí àga nínú ilé, títí ará ìsàlẹ̀ fi wá béèrè ẹni tí ń gúnyán ní alẹ́. A tẹ́ ẹní sábẹ́ ẹsẹ̀.

Ọmọ Èkó kan ni ó fi han ayé bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe lè jinlẹ̀ tó: Tony Allen, tí a bí ní ọdún 1940, tí ó kú ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù April, ọdún 2020. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ni ó ń ṣe nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 18, kò sì kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́. Inú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan ni ó ti ka ohun tí Max Roach kọ nípa lílo hi-hat, ó sì jókòó tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1964 ni ó ti ń lu ìlù fún Fela, títí di 1979. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, láìka irú orin tí ó bá lọ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró de ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ wọn kò ya ara wọn.

Ọmọ wa ní ìṣòro tirẹ̀ níhìn-ín. Nítorí pé ọ̀tún rẹ̀ ni ó wà lórí snare, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa dáhùn ara wọn wà ní ìhà kan náà, wọ́n sì fẹ́ máa bọ́ sílẹ̀ pọ̀. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kí á kúkú yí òun padà. Olùkọ́ kò dá a lóhùn. Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò, ó ní kí ó fi ọwọ́ nìkan lù ú fún ọjọ́ méjì, kí ó sì máa fi ẹnu pe ti ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ẹsẹ̀ wọlé.

Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni ó ti ń lù fún ìsìn àwọn ọmọdé. Màmá lọ wò ó, wọ́n jókòó ní ìlà kejì, wọn kò sì sọ ohunkóhun fún wa nígbà tí wọ́n dé. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ń fún un ní ẹran, tí ó sì fẹ́ fi òsì gbà á, wọ́n fà á sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ní, “Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí a ti ń gbà á lọ́wọ́ àgbà.” Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ṣe láti ìgbà náà.

Ní ti ìlù, ẹsẹ̀ òsì ni ó kù fún àwa méjèèjì, èyí tí yóò máa ṣí hi-hat tí yóò sì máa pa á dé. Olùkọ́ ní kí a fi gìgísẹ̀ kọ́ ọ lórí ilẹ̀ ná, láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.